Ọ̀rọ̀ Ilé: Ọgbà Inú Garawa àti Ológbò Ilé Wa

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ìwéré-Ilé, láti ọwọ́ ìyá kan tí àwa kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ìyá yìí ní garawa méje ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, àlùbọ́sà àti etí erin sínú wọn. Ó ní ológbò kan pẹ̀lú, tí kò fi àyè gba eku kankan nínú àká àgbàdo rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu ológbò náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, èémí rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Kí oòrùn ó tó wọ̀, ó ti kú. Ìyá náà wá rántí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, òun àti aládùúgbò òun ti sọ̀rọ̀ líle sí ara wọn nítorí ẹja kan tí ológbò náà gbé lórí ààrò. Ó pinnu ní ọkàn rẹ̀ pé aládùúgbò náà ni ó fún un ní májèlé jẹ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni ti dópin láàrin ilé méjèèjì, wọn kì í sì í jókòó lórí àga kan náà mọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ìbéèrè rẹ̀ sí wa ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òun tún sìn ológbò mìíràn ní àdúgbò tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń gbé?

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ ohun tí kò ṣe pàtàkì, ó fi kún un pé ṣàṣà ni kòkòrò tí ó tún kù lára tẹ̀tẹ̀ òun, nítorí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ológbò náà kú ni ọmọ òun ọkùnrin bu oògùn apakòkòrò inú ìgò kékeré sínú omi, tí ó sì wọ́n ọn sára wọn.

Ẹ̀yin ará, ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ìdáhùn wà.

Àwa kò sí níbẹ̀, a kì í sì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a mọ̀. Oògùn apakòkòrò tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìgò kékeré bẹ́ẹ̀ ni dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọta-pia-pia. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé a máa dí ohun tí ń dá iṣan ara dúró lẹ́yìn tí iṣan bá ti jíṣẹ́ tán. Nígbà tí kò bá sí ohun tí yóò dá a dúró, itọ́ yóò máa dà, ojú yóò máa ṣomi, ara yóò máa gbọ̀n, èémí yóò sì há. Àmì wọ̀nyí gan-an ni ìyá wa kọ sínú lẹ́tà. Ológbò kò nílò láti jẹ ewé náà rárá. Bí ó bá ti gba àárín garawa kọjá, tí ewé tútù fi ara kàn án, yóò jókòó, yóò sì fi ahọ́n lá irun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìmọ́tótó rẹ̀ ni ó sì di ikú fún un. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò 100 ml oògùn yìí nínú ọjà, nítorí ìpalára tí ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ilé, tí a kò fi í ránṣẹ́ sí ìyá náà nìkan, ni èyí: orí ewé ọbẹ̀ ni wọ́n wọ́n oògùn náà sí. Ewé tí ológbò fi ara nù ní òwúrọ̀, ewé náà ni a bá já sínú ìkòkò fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Ológbò ni ó kọ́kọ́ jẹ́rìí, kí ọmọ ó tó jẹ́rìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe ọgbà tí kò ní pa ológbò lára, ọgbà ilé tí kò ní pa ọmọ rẹ̀ lára ni ó ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ológbò kéré. Àwọn baba wa wí pé bí ológbò bá kúrò ní ilé, ilé a di ilé èkúté. Ní Òkè-Ògùn wa, níbi tí iṣu àti àgbàdo ti jẹ́ ọrọ̀ ilé, gbogbo wa ni ó mọ ohun tí eku lè ba jẹ́ ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ó sì tún ju ti oúnjẹ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì kan tí ó ń sìn ní ilé ìwòsàn ìjọ ìhìnrere ní ìlú Lassa, ní ìhà Borno, ṣàìsàn ibà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó sì kú. Orúkọ ìlú náà ni a fi ń pe ibà ọ̀hún títí di òní. Eku kan tí ń wọ inú ilé ni ó ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ wa ni ó sì ń mú un wọ ara ènìyàn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí ilé lè ṣe láti dènà ibà náà, ó mẹ́nu kan ìmọ́tótó, oúnjẹ tí a dé, pàǹtí tí a dà sí ọ̀nà jíjìn, ó sì fi títọ́jú ológbò kún un. Ìwé Òwe, ní orí kejìlá, pàápàá kọ́ wa pé olódodo ènìyàn a máa ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Bí ẹran bá ń ṣọ́ wa ní òru, ó yẹ kí àwa náà ṣọ́ ọ ní ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ọgbà inú garawa àti ológbò ṣe lè jọ gbé inú ilé kan.

Èkínní ni ohun tí a ó gbìn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti ìṣápá, gbogbo wọn ni ó ń ṣe dáadáa nínú garawa, a kò sì níláti fòyà wọn nítorí ológbò. Tẹ̀tẹ̀ ni ó yá jù. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin a ti lè já a. Ẹgbẹ́ ASPCA tí ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà ka ìbátan ṣọkọ, èyí tí òdòdó rẹ̀ rí bí ogbe àkùkọ, mọ́ àwọn ewéko tí kò ní májèlé fún ológbò. Ó sì ka òdòdó rósì mọ́ wọn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹwà ní iwájú ilé kò ṣàìní ohun tí yóò gbìn. Ewédú náà dára, ṣùgbọ́n ẹ máa já ewé rẹ̀ kí ó tó so, nítorí pé májèlé wà nínú èso rẹ̀, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ.

Èkejì ni ohun tí kò yẹ kí ó sún mọ́ ológbò. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò dà bí tiwa. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn lè sọ di asán ni tirẹ̀ kò lè borí. Ìdí nìyí tí oògùn ẹ̀fọ́rí parasítámọ́ọ̀lù, tí a ń lò láìbẹ̀rù, fi ń pa á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlùbọ́sà àti ááyù. Ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe iṣu wọn, ìbáà ṣe tútù tàbí sísè, a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èrìgì rẹ̀ yóò funfun, kò ní lè rìn dáadáa, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú. Kí ìyá wa gbé garawa àlùbọ́sà rẹ̀ lọ sí oko tàbí sí ibi tí a fi wáyà yí ká, kí ó sì dẹ́kun fífún ológbò ní ìṣẹ́kù ọbẹ̀ tí a fi àlùbọ́sà sè. Etí erin, tí a fi ń tọ́jú awọ ara, a máa mú kí ológbò bì, kí ó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí ewé kókò tútù bá ti yún lọ́fun rí mọ ohun tí ó ń ṣe sí ẹnu ológbò. Àwọn ìbátan kókò tí ewé wọn ní àmì funfun, tí àwọn ọmọ wa ń kó wá láti Ìbàdàn fún ọ̀ṣọ́ yàrá, kò yàtọ̀ sí i. Koríko ọba tí a fi ń se tíì kì í sábà pa á, ṣùgbọ́n a máa da inú rẹ̀ rú. Ewé tòmátì àti èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n kò dára fún un. Hóró làrá àti ti làpálàpà jẹ́ májèlé líle fún ológbò àti fún ọmọ pẹ̀lú. A kò gbọdọ̀ gbìn wọ́n sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Èyí tí ó burú jù fún ológbò nínú gbogbo òdòdó ni lílì. Olúwa wa tọ́ka sí lílì inú ìgbẹ́ láti kọ́ wa kí a má ṣe àníyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ológbò gbọ́dọ̀ ṣe àníyàn nípa lílì inú ìkòkò. Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, omi tí a fi gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, àní eruku òdòdó tí ó bọ́ sí irun ológbò tí ó sì lá, a máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ewéko mìíràn wà tí ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn ní àkókò òjò, tí ń fi orí ewé rẹ̀ gùn mọ́ igbó, tí òdòdó rẹ̀ pupa tí ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ahọ́n iná. Kì í ṣe lílì tòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni láti orí dé gbòǹgbò. Ẹ má ṣe wú u wá sí ilé nítorí ẹwà rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: èmi yóò gbé àwọn wọ̀nyí kọ́ sókè. Arákùnrin, ológbò a máa gun òkè ju ọ lọ. Gíga kì í ṣe odi fún un. Ohun tí ó lè pa á, kí ó kúrò ní agboolé.

Ẹ̀kẹta ni garawa àti erùpẹ̀. Garawa ọ̀dà tí a fọ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu, àpò ìrẹsì àti ìkòkò amọ̀, gbogbo wọn dára; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko láé, ìbáà ṣe pé ẹ ti fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje. Ẹ dá ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà ọ̀nà kan àti iyanrìn díẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ gbóná. Kí ó ti jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí kànga sì ń lọ sílẹ̀, ẹ gbé àwọn garawa sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń kàn tí òjìji sì ń bò ní ọ̀sán, ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ojú erùpẹ̀ wọn. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ kò yẹ ní dídànù. Garawa ni kí ẹ dà á sí, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí a fún ológbò ní ìpín tirẹ̀. Erùpẹ̀ tí ó gbẹ tí ó sì rọ̀ ni ológbò fẹ́ràn láti wà fún ìgbẹ́ rẹ̀, a sì máa hú irúgbìn wa dànù. Lílù kò ní kọ́ ọ. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú erùpẹ̀, tàbí kí ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ ní àyè àyè, kí ó má baà rí ibi wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àpótí ńlá kan, ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sí i, ẹ gbé e sí òjìji tí ó jìnnà sí garawa ọbẹ̀. Tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbin koríko fún un pẹ̀lú, nítorí pé ológbò a máa jẹ koríko díẹ̀ nígbà mìíràn: ẹ fọ́n àlìkámà tàbí ìrẹsì tí ó ṣì ní èèpo sínú abọ́ kan, láàrin ọ̀sẹ̀ kan yóò ti hù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo ọkà bàbà, bí ó tilẹ̀ pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Èéhù rẹ̀ tútù ní májèlé tí a ń pè ní sáyánáìdì. Àwọn darandaran mọ ohun tí ó ń ṣe sí màlúù.

A ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn obìnrin tí wọ́n lóyún. Nínú ìgbẹ́ àwọn ológbò kan ni ohun tíńtín kan wà tí ojú kò lè rí, toxoplasma ni orúkọ rẹ̀, tí ó lè ba ojú àti ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Kì í ràn ní kété tí ìgbẹ́ bá jáde. Ó ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa kó ìgbẹ́ inú àpótí dànù lójoojúmọ́. Kí aboyún máa fi ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́ nínú erùpẹ̀, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì ṣan ewé dáadáa. Bí a bá ṣe báyìí, kò sí ìdí tí a ó fi lé ológbò jáde nítorí oyún.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ọgbà inú garawa kéré, ojú lè yí i ká. Kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ṣa ìdin àti tata ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì mú wọn rọ. Fún àwọn wẹ́wẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi nù wọ́n, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan ewé náà lẹ́yìn náà. Ewé tí ó bá bàjẹ́ jù, ẹ fà á tu. Ẹ má ṣe da káńfọ̀ tàbí kẹrosíìnì sí ìdí garawa láti lé ológbò tàbí kòkòrò. Májèlé ni méjèèjì jẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹfà, bí aburú bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Àṣà wa ni láti ki epo pupa bọ ẹnu ẹni tí ó jẹ májèlé. Ẹ má ṣe é fún ológbò, nítorí pé epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á kí májèlé ó tó pa á. Ẹ má sì ṣe fi ipá mú un bì. Bí oògùn bá wà ní irun rẹ̀, ẹ fi nǹkan bo ọwọ́ yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kí ó má baà tún lá a. Ẹ mú ewé tí ó jẹ tàbí ìgò oògùn náà dání, kí ẹ sì tọ dókítà ẹran lọ kíákíá. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bí Ìbàdàn ti jìnnà sí Ìwéré-Ilé tó. Ẹ béèrè nísinsìnyí, nígbà tí ara dá, ibi tí dókítà ẹran tí ó sún mọ́ yín jù wà. Ẹni tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, ìṣọ́ra ni oògùn rẹ̀.

Wàyí o, ìyá wa ní Ìwéré-Ilé, a padà sí ìbéèrè yín. Ẹ sìn ológbò mìíràn. Àká àgbàdo yín nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fa tẹ̀tẹ̀ inú garawa wọ̀nyí tu, kí ẹ sì sin ín jìnnà sí kànga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ sì fi sùúrù sọ ohun tí oògùn náà jẹ́ fún un, nítorí pé ìrànlọ́wọ́ ni ó rò pé òun ń ṣe. Ẹ má ṣe nà án. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó lọ mú ọmọ ológbò wá, ẹ wọ ilé aládùúgbò yín. Olúwa wa sọ pé bí a bá mú ọrẹ wá sí ibi pẹpẹ tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ náà sílẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti fi ẹ̀sùn kàn án nínú ọkàn yín, ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú ìdì ṣọkọ kan dání, èyí tí ẹ bá tún gbìn sínú erùpẹ̀ titun, tí oògùn kankan kò kàn. Ẹ sì ra ẹja kan mọ́ ọn, nítorí pé ẹja rẹ̀ ni ológbò yín gbé, ẹ kò sì tíì san án.

Kí Ọlọ́run àlàáfíà kí ó wà ní agboolé yín àti ní tiwa. Títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ ilé,

OLÙTỌ́JÚ Ọ̀RỌ̀ ILÉ